Bẹ́rìn wíìlì ẹ̀yìn ọ̀kadà tún ń kùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: kí ló ń pa á?

Àgbẹ̀Ìdànrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọ̀kadà 150cc tí a fi ń kó kòkó láti oko wá sí Ìdànrè, tí a tún ń gùn wọ Àkúrẹ́, ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Bẹ́rìn wíìlì ẹ̀yìn rẹ̀ (òrùka méjì tó ní bọ́ọ̀lù láàárín, tó ń jẹ́ kí wíìlì yí) jẹ, wọ́n pààrọ̀ méjèèjì sí 6203 2RS. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ariwo fi padà. Bí eré bá ti tó kìlómítà 40 ní wákàtí kan, á máa kùn bí ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀gẹ́. Bí mo bá dẹ iná, kò dákẹ́ àfi bí eré bá dín. Wíìlì náà sì ń jó díẹ̀ bí a bá fọwọ́ mì ín. Ṣé bẹ́rìn ayédèrú ni, àbí nǹkan mìíràn ló ń pa á? Mi ò fẹ́ ra òmíràn kí n tó mọ ìdí rẹ̀.

Irin_Ìsìnkàn
Àroko-bọ́dún-dé o, ọ̀gá àgbẹ̀. Ẹ má tíì náwó. Bẹ́rìn tó bá kú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n fi í sí i gan-an ni wọ́n ti pa á.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé bẹ́rìn ni. Ẹ gbé ọ̀kadà sórí sítáǹdì ńlá kí wíìlì ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ máa ti òkè bí ẹ ṣe ń fa ìsàlẹ̀. Kí ẹnìkan máa wo síwíńgì áàmù, irin apá méjì tó gbé wíìlì dúró, níbi tó ti so mọ́ férémù. Bí apá náà bá ń bá wíìlì mì, búṣì apá ló jẹ. Bí apá bá dúró gbọin tí wíìlì nìkan ń jó, bẹ́rìn ni, tàbí kí nọ́ọ̀tì ṣááfù, irin tó gba àárín wíìlì kọjá, ti dẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ ṣéènì, kí ẹ dẹ ọ̀pá bíréèkì, torí bíréèkì ṣúù tó ń ha dírọ́ọ̀mù máa ń dún bíi bẹ́rìn tó jẹ. Ẹ fọwọ́ yí wíìlì jẹ́jẹ́. Ẹ fi ẹnu súkúdíráfà gígùn lé orí ṣááfù, kí ẹ fi ìdí rẹ̀ kan egungun ẹ̀yìn etí yín. Ẹ ṣe é lápá ṣéènì, kí ẹ tún ṣe é lápá bíréèkì. Apá tó bá ń dún gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn.

Bí ẹ bá ti yọ bẹ́rìn náà, ẹ má jù ú nù. Ẹ ní kí wẹ́dà fi ẹ̀rọ ìgérin la òrùka ìta rẹ̀ sí méjì (kí ó bo ojú rẹ̀ o), kí ẹ wo ipa tí àwọn bọ́ọ̀lù fi sílẹ̀. Ojú ipa yẹn ló máa sọ ẹni tó pa á. Bí ipa bá wà láàárín gbùngbùn, tó rí gbọ̀ọ̀rọ̀, tó ń dán, ọjọ́ ló pé lórí rẹ̀. Bí ó bá sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ti fún òrùka inú pọ̀ jù láti ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá rí kòtò wẹ́wẹ́ tó jìnnà síra bí bọ́ọ̀lù ṣe jìnnà síra, òòlù ló ṣe é. Ìpatà pupa àti girísì tó funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ni. Bí ẹ̀yìn òrùka ìta bá ń dán bí dígí tí eruku dúdú sì yí i ká, họ́ọ̀bù, àárín wíìlì tí bẹ́rìn jókòó sí, ti gbòòrò, bẹ́rìn ń yí nínú ilé rẹ̀.

SípíàArákalẹ̀
Òótọ́ ni ọ̀gá sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ti nọ́ńbà kún un, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà.

Nínú 6203, 6 túmọ̀ sí ìlà bọ́ọ̀lù kan tó jókòó sínú kòtò jíjìn, 2 ni ìpele bí ìta rẹ̀ ṣe tóbi tó sí ihò rẹ̀, 03 ni ihò àárín. 00 jẹ́ mílímítà 10, 01 jẹ́ 12, 02 jẹ́ 15, 03 jẹ́ 17. Láti 04 lọ sókè, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 5: 04 jẹ́ 20, 05 jẹ́ 25. Nítorí náà, ihò 6203 jẹ́ 17, ìbú ìta rẹ̀ 40, ó sì nípọn tó 12. 6202 jẹ́ 15, 35 àti 11. 6302 jẹ́ 15, 42 àti 13. Ẹ rí i pé ihò 6202 àti 6302 dọ́gba, ìta wọn ló yàtọ̀. Ẹ má wá bá wa ní ọjà pé “ẹ fún mi ní bẹ́rìn ọ̀kadà báyìí.” Ẹ mú èyí tó jẹ wá, tàbí kí ẹ ka nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ti iwájú àti ti ẹ̀yìn kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà.

ZZ ní ìdérí irin lójú méjèèjì. Ó ń dá eruku dúró, ṣùgbọ́n omi á wọlé. 2RS ní rọ́bà tó fara kan òrùka inú, òun ló yẹ ọ̀nà ẹlẹ́rọ̀fọ̀. C3 tí ẹ ń rí lẹ́yìn nọ́ńbà kò túmọ̀ sí pé ó dára ju èyí tí kò ní i lọ. Ààyè tó wà láàárín bọ́ọ̀lù àti òrùka ló tóbi díẹ̀, fún ibi tí irin ti ń gbóná tàbí tí bẹ́rìn ti ń wọlé fífún. Bí ìwé ọ̀kadà bá ní C3, ẹ ra C3.

Ayédèrú pọ̀ lóòótọ́, pàápàá tí wọ́n bá kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá bíi SKF, NSK tàbí KOYO sí lára. Ẹ fi ìka yí òrùka inú 2RS tuntun: ó yẹ kó fà díẹ̀, kó lọ mùlọ̀mùlọ̀. Bí ó bá ń yí fàá tí kò fẹ́ dúró, rọ́bà kò kan nǹkan kan tàbí girísì kò sí nínú rẹ̀. Fún SKF, áàpù kan wà tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe, SKF Authenticate, tí ẹ lè fi yẹ ohun tí ẹ rà wò.

Ọmọ_Oǹdó
Ẹ kú àlàyé. Ọ̀nà tí mo mọ̀ sí ti ẹrọ̀fọ̀ ni kí a fi abẹ́rẹ́ ṣí rọ́bà 2RS tuntun, kí a kún inú rẹ̀ ní girísì títí kò fi ní gbà mọ́, kí a tún dé e padà. Omi kì í ráyè wọ ibi tí girísì bá kún.

Irin_Ìsìnkàn
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe bẹ́rìn mọ̀ọ́mọ̀ fi girísì sí bí ìdá mẹ́ta ààyè inú rẹ̀ ni. Bí ó bá kún dé ẹnu, bọ́ọ̀lù á máa po girísì bí ẹni ń ro àmàlà, ooru á mú, girísì á yọ́, á sì ti rọ́bà jáde. Abẹ́rẹ́ tí ẹ fi ṣí i ti tẹ ètè rọ́bà náà, kò ní fara kan òrùka dáadáa mọ́, ibẹ̀ gan-an ni omi á gbà wọlé.

Ibi tí girísì yẹ ni ètè ọ́ìlì síìlì, òrùka rọ́bà tó wà níwájú bẹ́rìn, àti ara ṣááfù, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ìpatà má baà dì í mọ́ òrùka inú. Girísì lítíọ́ọ̀mù tó le ní ìwọ̀n NLGI 2 dára, wọ́n kọ ọ́ sára agolo rẹ̀. Àwọ̀ pupa tàbí búlúù kò sọ nǹkan kan nípa ohun tó wà nínú rẹ̀.

Àgbẹ̀Ìdànrè
Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀gá Irin, báwo gan-an ni ó ṣe yẹ kí wọ́n yọ ọ́ kí wọ́n sì fi tuntun sí i? Òòlù àti ṣísù ni wọ́n lò nígbà yẹn.

Irin_Ìsìnkàn
Mo fura sí i. Ẹ jẹ́ kí n lọ díẹ̀díẹ̀ níbí.

Kí ẹ tó fa ṣááfù, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ohun tí ń mú ṣéènì le dúró lápá méjèèjì. Ẹ yọ nọ́ọ̀tì, ẹ fa ṣááfù, kí ẹ to àwọn kọ́là kéékèèké sílẹ̀ bí wọ́n ṣe jáde, torí tọ̀tún àti tòsì kì í gùn dọ́gba. Ẹ yí ṣááfù lórí dígí tàbí táìlì: bí ó bá ń fò, ó ti tẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ yọ páànù bíréèkì, ẹ fi súkúdíráfà ṣí ọ́ìlì síìlì. Ti àtijọ́ kì í padà síbẹ̀ mọ́.

Láàárín bẹ́rìn méjèèjì, ọ̀pá ihò kan wà tó ń jẹ́ sípésà. Ẹ fi irin gígùn wọlé láti apá kejì, ẹ ti sípésà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí etí òrùka inú lè yọ, kí ẹ máa lù ú yíká: òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì. Bí ẹ bá ń lu ojú kan ṣoṣo, bẹ́rìn á wọ́, á sì ha họ́ọ̀bù. Bí sípésà kò bá ṣeé tì, ẹ wá rọ́ọ̀bóòtù (rawl bolt) tí àwọn kọ́lékọ́lé fi ń kan irin mọ́ ògiri, èyí tó lè wọ ihò 17 náà. Ẹ fún un kí ó là nínú òrùka, kí ẹ wá lù ú láti ẹ̀yìn. Bẹ́rìn tí a bá fi òrùka inú lù jáde ti kú, bó tilẹ̀ ṣì ń yí dáadáa. Agbára òòlù gba orí bọ́ọ̀lù kọjá, ó sì ti dá kòtò síbẹ̀.

Ní ti fífi sí i, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ́kàn jù ni pé òrùka tó fún ni a ń tì. Nínú họ́ọ̀bù, òrùka ìta ló fún, òun nìkan ni ohunkóhun gbọ́dọ̀ kàn. Ẹ lo sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ìbú ìta rẹ̀ jẹ́ 38 tàbí 39 fún 6203, tàbí òrùka ìta ti àtijọ́ tí a ti ha ẹ̀yìn rẹ̀ kó má baà há.

Ooru ni kí ẹ fi ṣiṣẹ́, kì í ṣe agbára. Ẹ fi bẹ́rìn tuntun sínú nylon, kí ó sùn nínú fírísà mọ́jú. Ẹ se omi kẹ́tùlù kan kí ó hó, kí ẹ máa dà á díẹ̀díẹ̀ yí ilé bẹ́rìn ká. Álúmíníọ̀mù họ́ọ̀bù ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin bẹ́rìn. Bí ooru họ́ọ̀bù bá fi ìwọ̀n 50 Celsius gòkè, ihò 40 á fẹ̀ tó ìdá 4 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà, bẹ́rìn tó ti inú fírísà jáde náà á sì sún kì tó ìdá 2. Ìfún wọn kì í sábà ju ìdá 2 sí 4 lọ, nítorí náà á wọlé pẹ̀lú ìlù kéékèèké. Ẹ yára nu omi inú rẹ̀ kí ẹ tó tì í. Ẹ má fi iná wẹ́dà sun họ́ọ̀bù o. Ojú kan á gbóná ju ìyókù lọ, á sì wọ́. Bí iná mànàmáná kò bá sí fún fírísà, omi híhó nìkan náà tó.

Ẹ fetí sí òòlù. Nígbà tó bá ń wọlé, á máa dún gbù, gbù. Tó bá ti jókòó sídìí ilé rẹ̀, ohùn á yí sí kán, kán. Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ ti apá àkọ́kọ́ dé ìdí (ìwé ọ̀kadà ló ń sọ èyí tó kọ́kọ́ wọlé), kí ẹ fi sípésà sí i, kí ẹ tó ti apá kejì títí òrùka inú rẹ̀ á fi kan sípésà. Ẹ fi ìka mì sípésà wò: kí ó ṣeé sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú agbára díẹ̀, kí ó má máa ṣeré sọ́tùn-ún sósì bí agogo.

Ọ́ìlì síìlì tuntun: ojú tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí ló ń wo ìta, kí ó bá etí họ́ọ̀bù dọ́gba.

Dẹ̀rẹ́bà_Ọ̀bàIlé
Ọ̀gá, ẹ gbàgbé bẹ́rìn kẹta. Lára ọ̀kadà tí sípírókẹ́ẹ̀tì rẹ̀ (irin eléyín tí ṣéènì ń fà) jókòó sórí àwọn rọ́bà inú họ́ọ̀bù, bẹ́rìn kan tún wà nídìí sípírókẹ́ẹ̀tì náà, pẹ̀lú kọ́là tirẹ̀. Òun ni ṣéènì ń fà jù. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á pààrọ̀ méjì inú họ́ọ̀bù, wọn á fi ti sípírókẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ariwo á sì máa bá a lọ. Bí ohùn bá ń yí padà bí ẹ ṣe ń fa iná tí ẹ sì ń dẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Irin_Ìsìnkàn
Ẹ ṣé sà, mo fò ó lóòótọ́. Kí wọ́n wo rọ́bà náà pẹ̀lú. Bí ó bá ti pẹlẹbẹ, sípírókẹ́ẹ̀tì á máa ta síwá sẹ́yìn, á sì máa lu bẹ́rìn kẹta yẹn.

Tọ́nàOǹdó
Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti họ́ọ̀bù tó gbòòrò. Àwọn kan á mú pọ́ńṣì, wọn á dá ojú sí ògiri ilé bẹ́rìn yíká kí ó lè fún. Ṣóńṣó wẹ́wẹ́ nìkan ló di bẹ́rìn mú nígbà náà, láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ́n á tẹ̀ pẹlẹbẹ. Páànù agolo mílíìkì tí wọ́n ń gé sí i burú ju ìyẹn lọ: bẹ́rìn kò ní wà láàárín mọ́, wíìlì á máa wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣéènì á sì máa já bọ́.

Bí ààyè náà kò bá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà lọ, gọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe fún bẹ́rìn lè dì í mú, irú Loctite 641 tàbí 638, bí ẹ bá fọ epo kúrò lójú méjèèjì tí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ mọ́jú. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbé họ́ọ̀bù wá sórí lééṣì, ẹ̀rọ tí àwa tọ́nà fi ń gbẹ́ irin. A ó gbẹ́ ilé náà tóbi, a ó ti òrùka irin tó nípọn tó mílímítà 2 sí 3 sí i, a ó sì tún inú rẹ̀ gbẹ́ kí ó fi ìdá 2 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí 40. Kí a ti gbẹ́ tán kí a tó yọ họ́ọ̀bù kúrò lẹ́nu lééṣì, torí bí a bá tún un dè, àárín á yí.

Kòkó_Àkúrẹ́
Kí ni ẹ lè sọ nípa ẹrù? Àpò kòkó mẹ́ta ni wọ́n sábà ń dì sẹ́yìn.

Irin_Ìsìnkàn
Àpò 16 ló ń ṣe tọ́ọ̀nù kan, nítorí náà àpò kan jẹ́ kílò 62.5, mẹ́ta sì jẹ́ 187.5, a ò tíì ka ẹni tó ń gùn ún. Ọjọ́ orí bẹ́rìn ń dín kù gidigidi bí ẹrù bá ṣe ń pọ̀. Bí ẹrù bá di ìlọ́po méjì, ọjọ́ orí á di ìdá mẹ́jọ. Bí a bá fi ìdá mẹ́rin lé ẹrù, ọjọ́ orí á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìdajì. Ẹ di àpò méjì, kí ìwúwo rẹ̀ wà níwájú ṣááfù ẹ̀yìn, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrù nìkan kò lè pa bẹ́rìn tuntun láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ti omi tún wà níbẹ̀. Họ́ọ̀bù tó gbóná tó wá wọ inú odò, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á sì fa omi wọlé. Ibi ìfọkọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀: ẹ jẹ́ kí ọ̀kadà sinmi ìṣẹ́jú 15 sí 20 kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, kí wọ́n má sì dojú ọ̀pá omi alágbára kọ àárín wíìlì.

ỌgbàỌ̀pẹ_Oǹdó
Ẹ dákun, ṣé bákan náà ni ti ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí àwọn oko ńlá ń lò? Wíìlì iwájú ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Irin_Ìsìnkàn
Òfin òrùka tó fún ò yí padà, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ yàtọ̀. Lọ́pọ̀ wọn, bẹ́rìn kan ṣoṣo tó fẹ̀, tó ní ìlà bọ́ọ̀lù méjì, ló wà níwájú lápá kọ̀ọ̀kan, òrùka síkílíìpù sì dì í mú. Ẹ yọ síkílíìpù kí ẹ tó tì í, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó fọ́ irin tó gbé e dúró. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ tó ń lo jáàkì ni kí ẹ fi tì í, kì í ṣe òòlù. Nígbà tí họ́ọ̀bù bá jáde, ìdajì òrùka inú sábà máa ń bá a jáde. Ẹ gé e jẹ́jẹ́ láìkan ara họ́ọ̀bù. Nígbà tí ẹ bá ń ti họ́ọ̀bù padà wọlé, ẹ fi irin gbé òrùka inú dúró láti ẹ̀yìn, kí agbára má baà gba orí bọ́ọ̀lù. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ ń fẹ́ agbára púpọ̀ ju ti ọ̀kadà lọ, ẹ wo ìwé rẹ̀, kí ẹ sì fi pín tuntun sí i.

Àgbẹ̀Ìdànrè
Ẹ̀yin ọ̀gá, a ti la bẹ́rìn náà. Kò sí ìpatà, kò sí kòtò. Nínú méjèèjì, ipa bọ́ọ̀lù sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ náà sì ti ń bó. Tọ́nà fi fáníà, irin ìwọ̀n, wọn họ́ọ̀bù ní mílímítà: láti etí kan dé èkejì jẹ́ 92, jíjìn ilé apá kan jẹ́ 17, èkejì 15. Sípésà jẹ́ 58.6. Ṣé kí n fi wọ́ṣà sí i?

Tọ́nàOǹdó
Ẹ ti rí i. 92, ẹ yọ 17 àti 15, ó ku 60. Mílímítà 1.4 ni sípésà fi kúrú. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fún nọ́ọ̀tì ṣááfù, ẹ ń fa òrùka inú méjèèjì súnmọ́ra, bọ́ọ̀lù á gun ẹ̀gbẹ́ kòtò, ìdí nìyẹn tí ipa fi sún. Ó lè jẹ́ ti ọ̀kadà mìíràn, tàbí kí wọ́n ti ha ẹnu rẹ̀.

Wọ́ṣà kọ́. Kò ní jókòó láàárín, ojú rẹ̀ kì í sì tẹ́jú dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí tọ́nà gé tuntun láti ara irin: ihò 17.3 sí 17.5 kí ṣááfù lè gba inú rẹ̀ kọjá, ìbú ìta 23 kí ó má kan rọ́bà bẹ́rìn, gígùn 60.1. Ẹ wọn gígùn náà níbi mẹ́rin yíká. Bí ìyàtọ̀ bá ju ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kí ó tún ẹnu rẹ̀ gé.

Irin_Ìsìnkàn
Nígbà tí ẹ bá dé ibi nọ́ọ̀tì, ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tó tó báyìí ń fẹ́ 50 sí 70 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì). Ẹ wo ti yín nínú ìwé rẹ̀. Bí sípánà oníwọ̀n kò bá sí, ẹ fi sípánà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30 fà á pẹ̀lú agbára tí ẹ ó fi gbé ẹrù kílò 20, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 60.

Kí ẹ tó fi ṣéènì àti bíréèkì padà, ẹ fọwọ́ yí wíìlì nígbà tí nọ́ọ̀tì ṣì dẹ̀. Ẹ fún un dé ìwọ̀n, kí ẹ tún yí i. Bí ó bá wúwo lọ́wọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ tú u padà, ẹ tún sípésà wọ̀n.